Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọbìnrin Wa Gbá Kírìkẹ́ẹ̀tì

Ní ọjọ́ 20 oṣù January ọdún 2025, ní ìlú Kuching lórílẹ̀-èdè Malaysia, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 19 na àwọn ẹgbẹ́ wọn láti New Zealand nínú ìdíje ife àgbáyé kírìkẹ́ẹ̀tì. Àmì 65 ni tiwọn, 63 ni ti New Zealand. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn ọmọ wa máa dé irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Òjò kò jẹ́ kí wọ́n bá Samoa parí tiwọn ní ọjọ́ méjì ṣáájú, òun náà ló sì gé eré ọjọ́ yìí kúrú. Lucky Piety ni balógun wọn. Nígbà tó ku bọ́ọ̀lù mẹ́fà péré, tí àyà gbogbo èèyàn ń já, Lillian Udeh ni wọ́n ní kó wá jù ú.

Ẹ jẹ́ ká ka díẹ̀ nínú orúkọ tó wà nínú ẹgbẹ́ náà: Omosigho Eguakun, Victory Igbinedion, Adeshola Adekunle, Muhibat Amusa. Ẹni tó bá ń gbé Bìní kò nílò ògbufọ̀ kó tó mọ irú ilé tí wọ́n ti ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ Ẹ̀dó àti orúkọ Yorùbá jọ wọ aṣọ kan náà. Àmọ́ nínú agboolé àwọn èèyàn wa ní New Benin, ní Uselu àti lójú ọ̀nà Sapele, ọmọbìnrin mélòó ló ti fọwọ́ kan igi kírìkẹ́ẹ̀tì rí?

Nítorí àwọn tí kò mọ eré náà, èèyàn mọ́kànlá-mọ́kànlá ló ń kojú ara wọn. Ẹnì kan yóò ju bọ́ọ̀lù kékeré tó le, ẹni tó di pátákó pẹlẹbẹ mú yóò gbá a kúrò kó má baà wó igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, yóò sì sáré gba àmì. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń kà sí ọ̀wọ́ kan. Ogún ọ̀wọ́ ló yẹ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kojú ní Kuching, òjò ló sọ ọ́ di 13. Láti ọdún 1904 tí àwọn ọkùnrin Èkó ti bá àwọn ti Gold Coast gbá a ni eré yìí ti wà lọ́dọ̀ wa. Ojú tó ń ríran, ọwọ́ tó yá àti orí tó mọ ìṣirò ló ń fẹ́, kì í ṣe agbára ọkùnrin. Ọmọ tó ń ṣẹ́ owó ọjà fún ìyá rẹ̀ láì lo ẹ̀rọ ìṣirò ti ní ìdajì ohun tó fẹ́.

A gbọ́ ohun tí àwọn òbí ń wí. Wọ́n ní oòrùn yóò sọ ọmọ di dúdú, bíi pé oòrùn kì í pa á níbi tó ti ń kiri ọjà. Wọ́n ní eré ọkùnrin ni, ọmọ kò ní rí ọkọ fẹ́. Àwọn Mùsùlùmí wa ń bẹ̀rù aṣọ péńpé, bẹ́ẹ̀ ṣòkòtò gígùn àti ẹ̀wù ni wọ́n ń wọ̀ gbá kírìkẹ́ẹ̀tì, fìlà sì wà lórí. Èyí tó wúwo jù ni ti ọjà: bí ọmọ bá lọ sí pápá ní Sátidé, ta ni yóò jókòó ti ìsọ̀? A kò fojú kékeré wo ìyẹn. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé yìí kan náà, ọmọkùnrin ti gbá bọ́ọ̀lù lọ láti àárọ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ìsọ̀.

Ohun kan wà tó tọ́ kí òbí béèrè, kó má sì tijú béèrè rẹ̀: ta ló ń kọ́ wọn? Ṣé obìnrin wà láàárín àwọn olùkọ́ náà? Bí wọ́n bá ń rìnrìn àjò, ibo ni wọn yóò sùn? Olùkọ́ tí ìbéèrè yìí bá bí nínú, kí òbí mú ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní ti ohun tí obìnrin kì í ṣe, Nàìjíríà ti rí i rí. Ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ gba obìnrin láàyè láti gbé irin ní Olympics, ní Sydney. Ruth Ogbeifo gbé kílò 245, iye kan náà pẹ̀lú María Isabel Urrutia ti Colombia, obìnrin dúdú bíi tirẹ̀, tó gba wúrà. Nítorí pé ara Urrutia fúyẹ́ díẹ̀ ju tirẹ̀ lọ ni Ogbeifo ṣe gba fàdákà. Bí àwọn òbí bá ti ní irin kì í ṣe ohun obìnrin, fàdákà yẹn ì bá má wálé.

A kò sọ pé owó ń dúró de ọmọ níwájú. Kírìkẹ́ẹ̀tì yóò padà sí Olympics ní Los Angeles lọ́dún 2028, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ láti ọdún 1900, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ obìnrin mẹ́fà péré ni àyè wà fún. Ohun tí a rí ni pé àwa tí a fi Bìní ṣe ibùgbé máa ń ráhùn pé wọn kì í kà wá mọ́ ará ìlú, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó bá ń gbá eré pẹ̀lú àwọn ọmọ Ẹ̀dó láti kékeré ti di ará ilé wọn kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ìlú bàbá rẹ̀.

Igi, ìbọ̀wọ́ àti ìbòjúgun kò rọrùn fún òbí kan láti rà. Ẹgbẹ́ lè rà á. Àwọn ẹgbẹ́ wa ní ìlú yìí ń dá aṣọ lọ́dọọdún. Kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó aṣọ ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n fi ra àpò ohun èlò kan fún ilé ìwé tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, kí wọ́n sì fi í sọ́wọ́ olùkọ́ eré ìdárayá níbẹ̀ kí sáà tuntun tó wọlé.