À ń yẹ òbúkọ wò, a ò yẹ ara wa wò

1/ Ẹ gbọ́ ná. Ní Ìgbẹ́tì níbí, ẹni tó bá fẹ́ ra òbúkọ tí yóò máa gun ewúrẹ́ rẹ̀ á wo ojú, ẹsẹ̀ àti kórópọ̀n rẹ̀ fínnífínní kó tó sanwó. Ìgbéyàwó tiwa ńkọ́? Aṣọ ẹbí là ń yẹ̀ wò.

2/ Mo mọ̀, ẹ ti ṣe genotype àti HIV. Ó dáa. Hepatitis B ńkọ́? Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2018 rí i lára nǹkan bí àgbàlagbà 8 nínú 100 ní Nàìjíríà.

3/ Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, ó sì lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún kéèyàn má mọ̀. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, abẹ tí a jọ ń lò àti ìbímọ ló ń gbà ràn. Jíjẹun pọ̀ kì í ràn án.

4/ Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe àyẹ̀wò, ó ní i. Ilé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní kó má bá àwọn jẹ àmàlà nínú àwo kan náà mọ́. Ìfẹ́ yẹn tú ká. Àìmọ̀ ló tú u, kì í ṣe àrùn.

5/ Mi ò ní kẹ́ ẹ sá fún ẹnikẹ́ni o! Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ẹni tí kò ní i, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sábà máa ń gbà á. Oògùn wà tó ń tẹ kòkòrò náà lórí ba fún ẹni tó nílò rẹ̀. Ọmọ tuntun á gba tirẹ̀ láàárín wákàtí 24.

6/ Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó yan aṣọ ẹbí. Òbúkọ ò níyì jù wá lọ, àbí?