Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Sá fún Ẹ̀kọ́ Tí Ó Le?

Ìgbà kan ń bẹ ní ayé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dà bí ìgbà tí arìnrìn-àjò dé oríta. Títí di ọjọ́ náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń tọ̀; olùkọ́ ni ó ń sọ ohun tí yóò kọ́, àwọn òbí rẹ̀ ni ó sì ń ra ìwé tí yóò kà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé oríta, òun fúnra rẹ̀ ni yóò yan èyí tí yóò gbà. Ní ayé àwọn bàbá wa, fọ́ọ̀mù kẹfà ni oríta yìí wà. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, yóò yan ẹ̀kọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò sì fi ọdún méjì gbáko kọ́ wọn kí ó tó lọ sí yunifásítì. Ètò ẹ̀kọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, èyí tí ó pín sẹ́kọ́ńdírì sí ọdún mẹ́ta ti kékeré àti ọdún mẹ́ta ti àgbà, ni ó mú fọ́ọ̀mù kẹfà kúrò ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba wa. Síbẹ̀, oríta náà kò parẹ́. Ọmọ tí ó ń wọ sẹ́kọ́ńdírì àgbà ń bá a pàdé. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gba ọ̀nà JUPEB, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, tàbí ọ̀nà IJMB, tàbí ti ìdánwò ‘A’ Level wọ yunifásítì, yóò tún bá a pàdé lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ẹ̀kọ́ mẹ́ta péré ni yóò mú dání.

Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ó wà ní oríta yìí, físíìsì wà lára àwọn tí ó ń ba ọmọ lẹ́rù jù lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá rẹ̀ ti pinnu pé dókítà ni yóò jẹ́. Láti ìgbà tí ó ti wà ní kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní ‘Dókítà wa’ nínú ilé. Ìyá rẹ̀ ní kí ó ṣe èyí tí kò ní gba oorun lójú rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní físíìsì ni ó ba ti àwọn ẹ̀gbọ́n wọn jẹ́ nínú ìdánwò èṣí. Òun fúnra rẹ̀ kò kórìíra ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí olùkọ́ bá kọ ìṣirò gígùn sí ojú pátákó, àyà rẹ̀ a máa já. Bí ó bá fi físíìsì sílẹ̀, ilẹ̀kùn ìmọ̀ ìṣègùn ti sé mọ́ ọn, nítorí pé ó wà lára ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí a ń béèrè nínú ìdánwò JAMB lọ́wọ́ ẹni tí yóò kọ́ ìṣègùn: èdè Gẹ̀ẹ́sì, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì. Bí ó bá sì mú un tí kò yege, ọdún rẹ̀ ti ṣòfò. Kí ni kí ó ṣe?

Àwọn kan yóò dá a lóhùn kíákíá pé, ‘Sá fún un.’ Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ dáradára. Wọ́n ní máàkì ni yunifásítì ń wò, kì í wo làálàá. Ẹni tí ó gba máàkì gíga nínú ẹ̀kọ́ tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn yóò wọlé, nígbà tí ẹni tí ó gba máàkì kékeré nínú èyí tí ó le yóò wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tún ní ẹ̀kọ́ kan tí ó le púpọ̀ a máa jẹ àkókò àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá ti ń jẹ oúnjẹ àwọn àbúrò rẹ̀ nínú àwo kan náà. Òtítọ́ wà nínú èyí. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Àwọn mìíràn yóò sì wí pé, ‘Mú un! Ohun tí ó bá le ni ó lérè.’ Ọ̀rọ̀ akíkanjú ni, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pátápátá. Òkúta le, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń torí líle rẹ̀ sè é jẹ.

Lójú tèmi, ohun kan náà ni ó ṣi ẹgbẹ́ méjèèjì lọ́nà. Wọ́n ń béèrè bí ẹ̀kọ́ náà ti le tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó yẹ kí wọ́n béèrè ni ibi tí líle rẹ̀ ti wá. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn, oníṣègùn rere kì í fún un lóògùn kí ó tó mọ̀ bóyá ibà ni, tàbí àìsùn, tàbí ebi. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ tí ó le. Mo rí orísun mẹ́rin tí líle físíìsì ń ti wá. Mẹ́ta nínú wọn ní àtúnṣe.

Èkíní ni ìpìlẹ̀ ìṣirò. Ní kíláàsì ìsàlẹ̀, a lè fún ọmọ ní òfin kan, kí ó fi iye sí i, kí ó sì rí ìdáhùn. Nígbà tí ó bá dé ‘A’ Level, òun ni yóò fi hàn bí òfin náà ti jáde; yóò lo áljẹ́brà, yóò lo ìmọ̀ igun, yóò sì mọ bí a ti ń ṣírò ohun tí kò dúró lójú kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ní físíìsì le, áljẹ́brà tí ó fò dá ní sẹ́kọ́ńdírì kékeré ni ó ń gbẹ̀san lára rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ṣùgbọ́n ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò dára ṣeé tún mọ. Ẹni tí ó bá fi ìsinmi gígùn kan padà sí ìwé ìṣirò àtijọ́ rẹ̀, tí ó ṣe é láti ojú ìwé kìíní láìtijú, yóò rí i pé ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ti kéré sí i.

Èkejì ni èdè. Ní ilé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, agbára, ni a fi ń pe ohun tí ó ń ti nǹkan kúrò ní àyè rẹ̀, àti ohun tí ó wà nínú epo àti oúnjẹ, àti bí ẹ̀rọ ti ń yára ṣiṣẹ́ tó. Nínú físíìsì, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n: níútọ̀n ni a fi ń wọn ti àkọ́kọ́, júùlù ni ti èkejì, wáàtì sì ni ti ẹ̀kẹta. Ọmọ tí kò bá ya wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ yóò máa ṣìnà nínú ìṣirò tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé. Èdè àjèjì ni ó fi ń ronú. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan, nínú èyí tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé, lẹ́yìn tí a bá ti ka ẹ̀kọ́ kan tán, kí a pa ìwé dé, kí a sì fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò wa. Ibi tí ahọ́n wa bá ti kọ́ni ni òye wa pin sí.

Ẹ̀kẹta ni àìsí ohun èlò. Ìdánwò àfọwọ́ṣe wà nínú físíìsì tí WAEC ń ṣe, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni kò sì ní ohun èlò tí ó tó. Kí ọmọ tí ó fẹ́ yan ẹ̀kọ́ náà béèrè kí ó tó yàn án: Ta ni yóò kọ́ wa? Ẹ̀ẹ̀melòó ni a ń wọ yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì nínú sáà kan? Àìbéèrè ni kò jẹ́ kí a tètè mọ ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni àìfẹ́, èyí ni kò sì ní oògùn. Báwo wá ni ọmọ yóò ṣe mọ̀ bóyá ìbẹ̀rù ni ó ń ṣe òun tàbí àìfẹ́? Mo ní ìdánwò kan tí kò gba owó. Kí ó so òkúta kékeré mọ́ òwú, kí ó fi òwú náà kọ́ sí ibi gíga, kí gígùn rẹ̀ láti òkè títí dé àárín òkúta jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25. Kí ó ti òkúta náà díẹ̀, kí ó sì ka àlọbọ̀ 20. Yóò rí i pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 ni ó gbà. Kí ó wá sọ òwú di mítà kan, èyí tí í ṣe ìlọ́po mẹ́rin. Yóò rò pé àkókò náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì péré ni, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40. Kí ó pààrọ̀ òkúta sí èyí tí ó wúwo jù ú lọ, kí gígùn má sì yí padà. Àkókò náà kò ní yí padà.

Ó dára. Bí ọmọ náà bá ju òkúta nù, tí ó ní ‘Kí ni ó kàn mí níbẹ̀?’, kí ó má fi físíìsì dá ara rẹ̀ lóró. Ṣùgbọ́n bí ó bá sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà, tí ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé èéṣe tí òkúta tí ó wúwo kò fi yára jù tàbí kí ó lọ́ra jù, ìbẹ̀rù ni ó ń ṣe é, kì í ṣe àìfẹ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sá.

Ẹ má ṣe fojú kéré òkúta tí ń fì lọ tí ń fì bọ̀. Láti inú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ nípa ohun tí ń gbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ tí a fi ń mọ bí ilẹ̀ yóò ti gba ẹ̀rọ ńlá tí ń mì lórí rẹ̀. Nínú ìmọ̀ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí, ọmọ Ìkòròdú, ti di ẹni tí ayé mọ̀. Ó gba ìwé ẹ̀rí onípò kìíní nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Zaria ní ọdún 1962. Nígbà tí ó sì di ọdún 1974, Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù fún un ní oyè D.Sc., oyè tí kì í tètè tẹ ènìyàn lọ́wọ́. Kí ọmọbìnrin má sì rò pé ọkùnrin nìkan ni a dá ẹ̀kọ́ yìí fún. Ní ọdún 1980, Deborah Ajakaiye di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ físíìsì ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Bí a ti ń yin àwọn wọ̀nyí, kí a má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ kẹ́gàn ẹni tí ó bá gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti lítíréṣọ̀ ni Wọlé Ṣóyínká yàn, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú lítíréṣọ̀, ní ọdún 1986. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi orúkọ ‘Dókítà wa’ di ẹrù lé ọmọ lórí. Oyè náà dùn ún gbọ́ ní etí òde, ṣùgbọ́n ọmọ nìkan ni yóò jókòó ti ìwé ní òru. Ìyá tí ó sì ní kí ọmọ yan èyí tí ó rọrùn, ìfẹ́ ni ó fi sọ ọ́. Kí ó rántí pé ìsinmi ọdún méjì lè di àbámọ̀ ogójì ọdún.

Nítorí náà, ohun tí mo máa sọ fún ọmọbìnrin wa nìyí. Kí ó kọ́kọ́ wo ẹ̀kọ́ tí yunifásítì ń béèrè fún iṣẹ́ tí ó wù ú, kí ó má bàa sé ilẹ̀kùn tí kò mọ̀ pé òun yóò kàn. Kí ó gba ìwé ìbéèrè ọdún tí ó kọjá, kí ó yan orí ẹ̀kọ́ kan tí ó bà á lẹ́rù, kí ó sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ́ ọ, ní wákàtí kan lójúmọ́. Kí ó lọ bá olùkọ́, kí ó bi í pé, ‘Ẹ jọ̀wọ́ sà, níbo ni mo ti ń ṣìṣe?’ Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ó bá ti rìn síwájú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀, kí ó yan físíìsì láìbẹ̀rù. Bí kò bá rìn síwájú rárá, tí ọkàn rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ láìtijú, kí ó sì sọ ohun tí ó rí fún bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹni tí ó dán ọ̀nà wò kí ó tó padà, kò sá. Ẹni tí ó padà nítorí ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ nípa ọ̀nà tí òun kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rí, òun ni ó sá. Ẹrù ìsáré náà yóò sì pẹ́ lọ́rùn rẹ̀ ju ẹrù ẹ̀kọ́ lọ.