Pẹ́ńsù Ń Kógbá Sílé

Síléètì ti lọ. Ó wá kan pẹ́ńsù àti bébà ìdánwò. Ní ọdún 2013 ni àjọ JAMB kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò. Nígbà tí ó fi di ọdún 2015, wọ́n ti pa ti orí bébà tì pátápátá. WAEC náà ti ń tọ ọ̀nà yìí.

Àwa kò lòdì sí ọ̀làjú. Ṣùgbọ́n pẹ́ńsù kò bèèrè iná mànàmáná. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ ọlọ́rọ̀ ni ó ń lò ó bákan náà. Ní ọdún 2025, nítorí àṣìṣe orí ẹ̀rọ JAMB, a pe ọmọ 379,997 ní Èkó àti ìhà Ìlà-oòrùn Gúúsù láti wá tún ìdánwò ṣe. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní Èkó, báwo ni yóò ti rí ní ìletò?

A kì í ti ojú ogun wẹ́fọ́n. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí títí di àárọ̀ ìdánwò, òṣì bàbá rẹ̀ ni a ń dán wò, kì í ṣe ìmọ̀ rẹ̀. Kí ìjọba gbé kọ̀ǹpútà àti iná dé ilé-ìwé oko kí ó tó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ bi àwọn tí ẹ dìbò fún léèrè: mélòó ni ó wà ní ilé-ìwé àdúgbò yín?