Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Lẹ́tà Gbangba Sí Ẹ̀yin Olódòdó Tí Ẹ Ń Ṣiṣẹ́ Ní Etí Omi Ìlàjẹ

Ẹ̀yin ọ̀gá olódòdó tí ẹ ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀ wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, àti ẹ̀yin ọmọ ilé tí ẹ ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí yín kú ewu ọ̀nà omi, nítorí pé ẹni tí ó bá gbé òdòdó láti Àkúrẹ́ dé Igbókòdá, tí ó tún kó o sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì la àwọn odò tóóró kọjá títí ó fi dé ìlú tí a kọ́ sórí òpó igi, kì í ṣe ọ̀lẹ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìkíni kọ́ ni mo torí rẹ̀ mú gègé. Ọ̀rọ̀ kan ni ọ̀kan nínú yín sọ lójú mi, tí mo gbé mì tí kò lọ, tí mo sì ti ń retí kí àgbà kan nínú iṣẹ́ yín bá a wí. Nígbà tí n kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, mo rántí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ni mo bá jókòó láti kọ èyí.

Ìjọ kan ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú etídò wa ń múra ìdúpẹ́ òpin ọdún. Wọ́n fẹ́ kí èbúté tí àwọn àlejò yóò gúnlẹ̀ sí, fàráńdà ilé ìjọsìn wọn, àti abẹ́ gbogbo ojú fèrèsé tí ó dojú kọ odò, ní ẹwà. Wọ́n ránṣẹ́ pe olódòdó kan láti òkè, wọ́n sì san owó rẹ̀ pé kí ó tó gbé ìkòkò kan sílẹ̀. Rósì ni ó kó wá, ó kó ixora, ó kó àwọn ewé aláràbarà tí inú ilé ni wọ́n ti tọ́ wọn, gbogbo rẹ̀ nínú ìkòkò ike dídán. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, èbúté náà dára. N kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kí ọyẹ́ tó kẹ́rù rẹ̀, etí ewé gbogbo ti jóná, ixora ti wọ́ ewé dànù, rósì ti di igi ṣákálá. Àwọn àgbà ìjọ ránṣẹ́ sí i, ó wá, ó rìn yí àwọn ìkòkò náà ká, ó sì sọ lójú ọmọdé àti àlejò pé, “Ilẹ̀ omi kò mọ òdòdó.” Ó wọ ọkọ̀ padà, ó lọ.

Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni yóò fọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àwọn ọmọ wa fúnra wọn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin tí ó fẹ́ ra irúgbìn lọ́wọ́ mi ní ọjà Igbókòdá, tí ó fi ọwọ́ kan ewé náà, tí ó sì fi í sílẹ̀, tí ó ní àwọn tó mọ̀ ti sọ pé òdòdó kì í ṣe ti wa. Èmi tí ìyá ìyá mi kọ́ ní ìtọ́jú ewé lórí pákó fàráńdà, tí mo ti ń gbin nǹkan sínú àgbá, sínú ọpọ́n àti sínú ìdajì ọkọ̀ gbígbó láti ìgbà tí n kò tíì mọ àjẹ̀ fà dáadáa, ṣé èmi ni kí n máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí kí n sì dákẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a bi olódòdó náà ní ìbéèrè kan tí àwọn àgbà ìjọ kò bi í. Omi wo ni ó fi wọ́n àwọn òdòdó rẹ̀? Mo wà níbẹ̀. Àwọn ọmọdé tí ó fún ní owó bisikíìtì ni ó ń rán lọ fa omi lábẹ́ èbúté, nígbà tí omi òkun ti kún wọlé. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní, “Ọ̀gá, àgbá omi òjò wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn.” Ó ní omi kò ju omi lọ. Omi kò ju omi lọ! Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ní etí òkun nínú oṣù Ọ̀pẹ ni ó wá ń sọ ohun tí ilẹ̀ wa mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀.

Odò wa kì í ṣe odò kan náà láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé oṣù Ọ̀pẹ. Nígbà òjò, omi tí ń ṣàn bọ̀ láti òkè, láti inú Olúwà àti àwọn odò mìíràn, ń fi agbára ti òkun sẹ́yìn, ènìyàn sì lè bu omi odò fọ ẹnu ní ibi púpọ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí agbára odò òkè rọ̀, òkun a gba ọ̀nà rẹ̀ padà, iyọ̀ a sì wọlé dé ẹ̀yìnkùlé. Àwọn baba wa ní ojú-oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti tu ọkọ̀ kọjá níbí nígbà ọyẹ́ ti rí ojú-oró tí iyọ̀ ti pọ́n ewé rẹ̀. Kódà water hyacinth, èyí tí ó ti ọ̀nà odò Bàdágírì wọ orílẹ̀-èdè wa ní 1984, tí ó dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ àti àwọ̀n, tí ẹ́ńjìnnì kò ṣẹ́gun rẹ̀, tí àdá kò ṣẹ́gun rẹ̀, iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń pa á, òjò ni ó sì ń jí i dìde. Bí iyọ̀ bá lè pa èyí tí gbogbo wa kò lè pa, kí ni rósì fẹ́ fi ṣe?

Nínú ilẹ̀ gbalasa, òjò tí ó bá rọ̀ yóò ṣan iyọ̀ náà lọ sísàlẹ̀. Nínú ìkòkò kò rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn a fa omi lọ, a fi iyọ̀ sílẹ̀. A tún bu omi mìíràn sí i, iyọ̀ tuntun a bá ti àná. Kò ní pẹ́ kí iyọ̀ gbá omi mú tóbẹ́ẹ̀ tí gbòǹgbò yóò fi máa kú fún òùngbẹ nínú ilẹ̀ tútù. Ẹni tí kò mọ̀ a tún bu omi sí i, nítorí ó rí i pé ewé ń rọ, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ín. Ní ti ihò ìdí ìkòkò, tí àwọn ìkòkò dídán ti ọjọ́ náà kò ní, n kò ní sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra ni pé àwa tí wọ́n sọ ọ́ sí ti pàdánù ewéko tó. Ní ìhà Awóyè, àwọn ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ nítorí epo rọ̀bì mú kí omi òkun wọ igbó àbàtà tí iyọ̀ kò dé rí, igi sì kú lóòró títí ojú kò fi tó òpin rẹ̀. Àwọn arúgbó wa lè ka orúkọ ohun tí ó kú níbẹ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Kí àlejò wá dúró lórí èbúté irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kí ó ní wọn kò mọ òdòdó!

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ilẹ̀ omi mọ̀. Ó mọ ọ̀dúndún, ọba ewé, tútù-níni tí a fi í ṣe ìwúre fún ọba àti fún ìjòyè. Ewé rẹ̀ nípọn, ó ń fi omi pamọ́ sínú ara rẹ̀ de ọjọ́ ọ̀dá, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, tí òdòdó yín ń kú, ni òun ń yọ ìtànná rẹ̀ sókè. Ó mọ àbámọdá, tí ń so aago wẹ́wẹ́ rẹ̀ rọ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá mú, tí etí ewé rẹ̀ kan ṣoṣo yóò sì hu ọmọ bí ó bá bọ́ sílẹ̀. Ó mọ ọ̀já ìkòokò, tí ń nà ṣánṣán pẹ̀lú ìlà ara rẹ̀, tí ènìyàn lè gbàgbé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó má bínú. Ó mọ gbọ́ọ̀rọ̀ ayaba, tí ń rákò lórí yanrìn etí òkun ní ibi tí ìgbì ti ń ta sí i lára, tí ó sì ń fi òdòdó aláwọ̀ àlùkò dá a lóhùn. Ẹ gbé e sí etí àpótí ojú fèrèsé, kí ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ sílẹ̀ sí ìhà odò, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ixora dára jù ú lọ. Ó mọ pèrègún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé, níbi tí afẹ́fẹ́ iyọ̀ kò ti fẹ́ lù ú tààrà, ni pèrègún fẹ́. Bougainvillea pàápàá, tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, ti bá wa gbé pẹ́ tó láti mọ ìwà wa, ó sì ń pọ́n bẹ̀lẹ̀jẹ̀ nígbà tí oòrùn bá le jù. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ń ti ọdún bọ́ sí ọdún. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀yin sì ń fo ẹ̀ṣọ́ ilé kọjá láti lọ ra ti òde.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní ewé àgbo ni mo ń kà, kì í ṣe òdòdó. Èsì mi ni pé ẹwà kì í ṣe pupa nìkan. Àwọn ará wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ti rí bí àwọn aládùúgbò wọn ti ń ṣe nígbà òtútù líle: wọn kì í sọ pé ilẹ̀ òtútù kò mọ òdòdó. Wọ́n ń wá heather, tí ń tanná nínú òtútù náà, wọ́n ń wá ivy tí ewé rẹ̀ kì í wọ́, wọ́n ń wá hellebore tí ń gbé orí sókè nínú yìnyín, wọ́n sì ń tò wọ́n sínú àpótí ojú fèrèsé, èyí tí ó ga láàárín, èyí tí ó kún ní ẹ̀gbẹ́, èyí tí ó rọ̀ ní etí. Ìgbà líle wọn ni wọ́n kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó yan ewé. Ọyẹ́ àti iyọ̀ ni ìgbà líle tiwa. Ẹ kò wo èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ọ̀ràn yìí sì ju ọ̀ràn ọ̀ṣọ́ lọ fún wa. Ẹ wo Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó ní 1947, tí òkìkí ètò àti ìmọ́tótó rẹ̀ kàn káàkiri, tí ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò. Òkun ti jẹ nínú rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ sí i. Ilé tí a bí àwọn ènìyàn sí ti di ibi tí ẹja ń gbà kọjá. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí a gbìn sínú ìkòkò nìkan ni ó lè bá ènìyàn wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ tí ìgbì bá lé e. Mo mọ ìyá kan tí kò rí nǹkan púpọ̀ kó nínú ilé rẹ̀ nígbà tí omi dé, ṣùgbọ́n tí ọ̀dúndún ìyá rẹ̀ wà lórí fàráńdà tuntun rẹ̀ lónìí. Ìkòkò òdòdó tí yóò kú lẹ́yìn ìdúpẹ́ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Òtítọ́ gbọ́dọ̀ dé ibi gbogbo, bí ó tilẹ̀ ṣòro fún mi láti sọ ọ́. Olódòdó ọjọ́ náà mọ rósì. Mo ti gbọ́ pé ọgbà rẹ̀ ní òkè dára, n kò sì ní ìdí láti jiyàn. Ó kó ẹrù rẹ̀ la omi kọjá láìṣẹ́ ẹ̀ka kan, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò lè ṣe. Àwọn àgbà ìjọ náà ní ẹ̀bi tiwọn, nítorí pé ohun tí yóò pọ́n nínú fọ́tò ni wọ́n bèèrè, wọn kò bèèrè ohun tí yóò wà láàyè. Oníṣòwò a sì máa ta ohun tí oníbàárà bá na ọwọ́ sí. Mo gba gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá ni láti sọ fún oníbàárà ohun tí oníbàárà kò mọ̀, kí ó tó gba owó, kì í ṣe kí ó bú ilẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti náwó náà tán.

Kí ni kí a ṣe? Kí àwọn tí ń tọ́ irúgbìn ní Igbókòdá bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọ̀dúndún àti ọ̀já ìkòokò sínú ìkòkò fún títà, bí wọ́n ti ń ṣe fún ti òkè. Kí a gbin ìkòkò ọdún nínú oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí òjò ṣì wà láti bá wa mú gbòǹgbò dúró, kí a má dúró de ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ya àgbá omi òjò kan sọ́tọ̀. Kí àwọn olórí ìjọ àti ìjọba ìbílẹ̀ wa jókòó pẹ̀lú yín kí wọ́n fẹnu kò lórí ohun tí ó yẹ èbúté wa. Bí wọn yóò ti ṣe é, àwọn ni wọ́n mọ̀ jù mí lọ.

Èyí tí mo mọ̀ dájú ni èyí tí mo ń bẹ àwọn ará ilé láti ṣe ní ọdún yìí, kí ẹ̀yin olódòdó sì gbọ́ ọ láti ẹnu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn: kí ẹnikẹ́ni má san owó òdòdó pé lọ́jọ́ ìdúpẹ́ mọ́. Kí a san ìdajì nígbà tí a bá gbé ìkòkò sílẹ̀, kí ìdajì kejì dúró de àkọ́rọ̀ òjò. Ẹni tí ìkòkò rẹ̀ bá ṣì wà láàyè nígbà náà, òun ni kí ó wá gba ìyókù owó rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìlàjẹ kan tí ń tọ́ irúgbìn