Ọmọ IT Kì Í Ṣe Ọmọ Ọ̀dọ̀!



Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Ifọ̀, ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá. Ọmọ wa tó wà ní Pólì Ìlaròó á ka ọdún kan, wọ́n á ní kó lọ ṣe IT fún oṣù 4. Ti yunifásítì, oṣù 6 ni. Láti 1973 ni àjọ ITF ti dá ètò yìí sílẹ̀, kí ọmọ lè fọwọ́ ṣe ohun tó ń kà nínú ìwé.

Kí wá là ń rí? Ọmọ tó ń kọ́ ìṣirò owó, oúnjẹ ló ń lọ rà fún ọ̀gá. Èyí tó ń kọ́ iṣẹ́ iná, ilẹ̀ ló ń gbá. Bóṣù bá pé, ọ̀gá á sáìn lógbúùkù pé ó ti mọṣẹ́. Irọ́ ńlá! Owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ ńkọ́? Èrè ata àti gàrí wa ni.

Wọ́n á ní ìtẹríba làwọn ń kọ́ ọmọ. Ó dáa. Télọ̀ ọjà wa náà ń rán ọmọṣẹ́ níṣẹ́, àmọ́ kò ní ṣe fìrídọ́ọ̀mù fún ẹni tí kò lè gé aṣọ. Ojú á tì í!

Àwa náà jẹ̀bi. Ẹ máa bi ọmọ lálẹ́: "Kí lo kọ́ lónìí?" Tó bá jẹ́ oúnjẹ rírà ṣáá ni, ẹ rọra bá ọ̀gá sọ ọ́. Tí kò bá gbọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ fún olùkọ́ tó ń wá bẹ̀ wọ́n wò. Ìwọ tóo sì gba ọmọ IT sí ṣọ́ọ̀bù, ṣí ìwé owó rẹ fún un.

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o.