Ẹni Tó Ní Ká Fi Owó Wa Sọ́wọ́ Òun



Àwọn kan ń sọ kiri pé ọ̀gá tó bá ti fún òṣìṣẹ́ ní àpò ìrẹsì nígbà Kérésìmesì ti ṣe tán, ká máa dúpẹ́. Àwa ní irọ́ ni! Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan nínú àwọn tó fi ṣọrọ̀.

William Lever, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní Bolton ní 1851, ṣọ́ọ̀bù baba rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó di olówó ọṣẹ, ó kọ́ Port Sunlight fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti 1888, ó sì wọ ilé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù ní 1906. Ilé náà dára, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ èrè pínpín délẹ̀, ó ní bí òun bá kówó lé wọn lọ́wọ́, ọtí àti ẹran ọdún ni wọn yóò fi jẹ. Kí wọ́n fi í sọ́wọ́ òun, òun yóò bá wọn ná an. Ẹni tí iṣẹ́ bá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé bọ́ pẹ̀lú.

Ti aláwọ̀ dúdú ńkọ́? Lever wá ilẹ̀ oko ọ̀pẹ ńlá nílẹ̀ wa níhìn-ín. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fún un. Àwọn baba wa ló ń ṣe epo àti èkùrọ́ lórí ilẹ̀ ara wọn. Ní 1911 ó bá Bẹ́ljíọ̀mù ṣe àdéhùn tó lè fún un ní ilẹ̀ tó tó 750,000 hẹ́kítà ní Kóńgò. Níbẹ̀, owó orí àti ipá ìjọba ni wọ́n fi ń lé ènìyàn gun ọ̀pẹ. Ní 1931, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn Pende kọ̀ jálẹ̀. Ìbọn ni wọ́n fi dá wọn lóhùn.

Ọ̀gá kan náà ni! Ẹni tó nílẹ̀ tàbí tó lẹ́gbẹ́ lẹ́yìn, ó ń fi pẹ̀lẹ́ bá a lò. Ẹni tí kò ní, pàṣán.

Wọ́n á ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ rẹ̀ fún àwọn ènìyàn wa níṣẹ́ ní Àpápá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òógùn ni wọ́n tà, owó ni wọ́n gbà. Ta ló ta ta lọ́rẹ? Ní 1945, kì í ṣe ọpẹ́ ni Imoudu àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè fi bèèrè àfikún owó. Iṣẹ́ ni wọ́n dá sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará fákítìrì àti ẹ̀yin awakọ̀ ọ̀nà Badagry, bí ìrẹsì bá dé, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n ₦70,000 tí òfin 2024 là sílẹ̀, ẹ bèèrè rẹ̀. Ẹni tó ti ṣe kásúà fún ọdún mẹ́ta, ẹ bá a bèèrè ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ẹ má fi owó yín sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ wá sí ìpàdé!