Iṣẹ́ onílàjà kò parí lọ́jọ́ àdéhùn

Lọ́dún 1886, Alfred Moloney, gómìnà Èkó, rán àlùfáà méjì pé kí wọ́n lọ parí ogun Kírìjì: Samuel Johnson àti Charles Phillips tó ń wàásù nílùú Oǹdó. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, àwọn ìlú tó kóra jọ bá Ìbàdàn jà, títí àwọn ọba àti balógun fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

Ìbọn dákẹ́ ní Kírìjì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ifẹ̀, tó wà nínú àdéhùn náà kò yanjú. Ní 1997, Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tún gbéná wojú ara wọn.

Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ìlàjà. Nítorí pé ìwé àdéhùn nìkan kò tó, ó yẹ kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó gba irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ síṣẹ́ olówó oṣù, kí wọ́n máa padà lọ wo àdéhùn àgbẹ̀ àti darandaran lóko.